Ta Ló Ń Pa Ọmọ Àgbọ̀nrín? Ẹranko Apẹran àti Ilẹ̀ Tó Ń Yí Padà ní Gúúsù Kwara

Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní abúlé tí mo ti ń dáko lẹ́bàá Òmù-Àrán gbé ọmọ àgbọ̀nrín kan wálé. Ìdí igbó ṣúúrú kan nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ti bá a. Ó ká jọ, kò mira, kò ké, kò sá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìyá rẹ̀. Àánú ló ṣe é tó fi gbé e. Ó ní bóyá ìyá rẹ̀ ti já a jù sílẹ̀, bóyá wọ́n sì ti pa á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹnì kan ní ajáko ló ń jẹ wọ́n tán, ká dẹ pakuté fún ajáko. Ẹlòmíràn ní ọdẹ ni. Ẹnì kẹta ti ka ìròyìn kan lórí fóònù rẹ̀ pé ní Amẹ́ríkà, irú ọmọ ẹran bẹ́ẹ̀ ń yè lẹ́bàá oko ju inú igbó lọ, ó wá ń bi wá pé kí ló dé tí tiwa kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kálukú di apá kan mú ni. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tú u palẹ̀ níbí.

Ẹran wo là ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àgbọ̀nrín tiwa kọ́ ni ẹran tí òyìnbó ń pè ní deer, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ èdè máa ń yá lò bí wọ́n bá bá deer pàdé nínú ìwé. Ìwo ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ìwo akọ deer a máa yọ ẹ̀ka bí igi, á já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù rọ́pò rẹ̀. Ìwo akọ àgbọ̀nrín wa lọ́ díẹ̀, kò ní ẹ̀ka, kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Bí a bá yọ Àlgéríà àti Tùnísíà ní àríwá kúrò, kò sí ibi tí deer ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà. Kí a má baà dà wọ́n pọ̀, àgbọ̀nrín òyìnbó ni n ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Àgbọ̀nrín wa, tí àwọn ìlú kan ń pè ní ìgalà, jẹ́ ẹran apupa tó ní ilà àti tótòtó funfun lára. Ó máa ń dá jẹ̀ ni, kì í wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí àgùntàn. Ewé ló ń já jẹ, etí odò tó ní igbó ló sì fẹ́ràn jù. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa gbó bí ajá tí ohùn rẹ̀ há. Oyún rẹ̀ á wà nínú fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Ẹtu kéré sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà tọ́jú ọmọ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá kan ọ̀kan kan èkejì.

Ẹranko apẹran ni èyí tó jẹ́ pé ẹran ẹlẹ́ran ni oúnjẹ rẹ̀: ẹkùn, kìnnìún, ìkookò, ajáko, erè, idì àti àwọn mìíràn.

Ṣé ìyá rẹ̀ já a jù sílẹ̀ lóòótọ́?

Rárá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Ọmọ àgùntàn tí a bí láàárọ̀ á ti máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ọmọ àgbọ̀nrín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le tó láti sá fún ohunkóhun, fífara pamọ́ nìkan ló lè ṣe. Ìyá rẹ̀ á fi í sábẹ́ ewé, á sì lọ jẹ̀ níbòmíràn. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ìyá tóbi, òórùn rẹ̀ ń lọ jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí ewé gbígbẹ. Bó bá dúró ti ọmọ, òun gan-an ni yóò júwe ọmọ fún ẹkùn. Yóò padà wá fún un lọ́mú, yóò lá a mọ́, yóò sì jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà kí òórùn má baà kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún lọ. Ó lè tó oṣù mẹ́rin tí wọn yóò fi wà bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó máa bá ìyá rẹ̀ rìn kiri dáadáa.

Ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì ni kó má ṣe ohunkóhun. Àwọn onímọ̀ tó wọn ìlù ọkàn ọmọ àgbọ̀nrín òyìnbó rí i pé bí ewu bá sún mọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ kì í lù kìkì bíi tiwa. Ńṣe ló máa ń rọra lù, èémí rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Òórùn ara rẹ̀ kéré gan-an. Tótòtó funfun tó wà lára rẹ̀ sì jọ ìtànṣán oòrùn tó gba àárín ewé wọlẹ̀. Ènìyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó rí i.

Ẹ wá wò ó. Ẹran tí ẹ̀dá rẹ̀ ti kọ́ pé kó má mira la bá nínú oko, àìmira rẹ̀ náà la sì fi pè é ní ọmọ òrukàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fún un ní wàrà onípáùdà. Ọjọ́ kẹta ló kú. N kò bú u, nítorí èmi náà ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di òní pé ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ ti padà sí ìdí igbó yẹn ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, kó máa wá a.

Àwọn wo ló ń jẹ ẹ́?

Ẹkùn ni olórí ọ̀tá àgbọ̀nrín tó ti dàgbà. Ti ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹnu kékeré náà lè gbé e: ajáko, erè, idì, ológbò igbó. Ìnàkí náà wà nínú wọn, ìyẹn ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ajá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èso àti àgbàdo nìkan ló ń jẹ, ṣùgbọ́n bó bá já lu ọmọ ẹtu tó dùbúlẹ̀, yóò pa á jẹ.

Ẹkùn ti di ohun tí àwọn àgbà ń fẹnu sọ ní agbègbè wa. Ní ti kìnnìún, Kainji àti Yankari nìkan ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣẹ́kù ní gbogbo Nàìjíríà. Ọgbà ẹranko Kainji yìí fẹ̀ tó 5,340 kìlómítà níbùú lóòró, apá kan rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ Kwara wa níhà Borgu, ṣùgbọ́n ó jìnnà réré sí Òmù-Àrán. Ènìyàn á wá sọ pé: nígbà tí ọ̀tá ńlá ti lọ, ṣé kò yẹ kí ọmọ àgbọ̀nrín kún inú igbó ni? Kò kún un. Àwọn tó ń sọ pé ẹran igbó ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi tàtijọ́, àgbọ̀nrín èṣín ni wọ́n ń jẹ lọ́bẹ̀.

Bí ẹkùn bá lọ, ta ló ń gba ipò rẹ̀?

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Bó ṣe rí nínú igbó nìyẹn. Ní Gánà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọgbà ẹranko ń ka àwọn ẹran inú rẹ̀ láti 1968 títí dé 2004. Bí kìnnìún àti ẹkùn ṣe ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìnàkí ń bí sí i, wọ́n sì ń wọ ibi tí wọn kì í dé tẹ́lẹ̀. Níbi tí ìnàkí ti pọ̀, àwọn ẹran kéékèèké bí ẹtu ló ń dín kù. Àwọn àgbẹ̀ náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún, nítorí ìnàkí kò mọ ààlà oko. A ti lé apẹran ńlá lọ, apẹran kékeré sì rọ́pò rẹ̀, ọmọ ẹran lásán ló sì ń wá ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì, èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ogun jà ní Mòsáńbíìkì láti 1977 di 1992. Ogun yìí run ẹranko tó wà nínú ọgbà Gorongosa, ẹkùn àti ajá igbó sì di àwátì níbẹ̀. Àgbọ̀nrín irú tiwa yìí, tí kì í fi ìbòòji igi sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sí pápá gbalasa etí omi láti jẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀, wọ́n ń fi ohùn ẹkùn dún nínú rẹ̀. Àgbọ̀nrín gbọ́ ọ, wọ́n padà sínú igi. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé kò dìgbà tí ẹkùn bá pa àgbọ̀nrín kó tó darí rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló ń pinnu ibi tí ìyá yóò ti jẹ̀ àti ibi tí yóò tọ́jú ọmọ rẹ̀ sí.

Ta wá ló jókòó sórí àga ẹkùn ní gúúsù Kwara? Ènìyàn ni, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, ìbọn lọ́wọ́ àti ajá lẹ́yìn. Ọmọ àgbọ̀nrín kò mọ bí a ṣe ń sá fún èyí. Láyé àtijọ́, ọdẹ á gun ègùn, á dúró dè ẹran tó ń bọ̀ wá mu omi, á sì wò ó dáadáa kó tó yìnbọn. Lónìí, ojú ẹran tó bá tàn nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni ìbọn ń tẹ̀ lé. Ẹni tó yìnbọn kò lè mọ̀ bóyá ìyá ọlọ́mú ni. Bó bá jẹ́ òun ni, ọmọ tó wà lábẹ́ ewé yóò ṣe bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Yóò dùbúlẹ̀, yóò sì dákẹ́, títí ebi yóò fi pa á. Kò sẹ́ni tó máa ka ikú yẹn mọ́ ti ọdẹ.

Kí ni ilẹ̀ ní í ṣe nínú rẹ̀?

Ẹ fojú inú wo adìyẹ ìyá ọlọ́mọ méjì. Ọ̀kan ń kó ọmọ jẹ̀ nínú àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Èkejì ń kó tirẹ̀ jẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ata, igbá àti àgbàdo ti bo ilẹ̀. Àṣá kan náà ló ń rá bàbà lókè àwọn méjèèjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ti inú àgbàlá mímọ́ yóò ti ku ọmọ méjì, ti ẹ̀yìn ilé yóò ku méje. Àṣá kò pọ̀ sí i fún ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí ilẹ̀ ṣe rí ló yàtọ̀.

Ilẹ̀ tiwa, láti Òmù-Àrán dé Ìsánlú-Ìsin, títí lọ sí apá Orò-Àgọ́, wà láàárín igbó kìjikìji àti ọ̀dàn. Oko dídá àti iná ọdọọdún ló sọ púpọ̀ nínú igbó ayé àtijọ́ di eruwà àti igi ṣákáṣàka. Igbó gidi tó kù, etí odò ló há mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ya léteetí. Nígbà ayé bàbá mi, ilẹ̀ tí a bá ti gbin iṣu sí á sinmi ọdún púpọ̀ kí a tó padà sí i, inú irú ilẹ̀ tó ń sinmi bẹ́ẹ̀ ni ẹtu ti ń bímọ. Ní báyìí, a kì í jẹ́ kó sinmi. Katakata ń ro ibi tí ọkọ́ kò lè rò tán. Oògùn apakoríko ń gbẹ ìdí igi kajú di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn onísun èédú ń gé àwọn igi ńlá ọ̀dàn tí òjìji wọn ń mú kí ewé tútù wà nísàlẹ̀. Ebi ọmọ ènìyàn àti owó ilé ìwé ló ń ti àwọn tó ń ṣe é, mo mọ̀ wọ́n, n kò sì lè pè wọ́n ní ọ̀tá igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ọmọ àgbọ̀nrín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ nínú pápá bọ́ọ̀lù, o lè má rí i mọ́. Bó bá bọ́ sínú àwo, ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan lo fi máa rí i. Nígbà tí igbó gbilẹ̀, ajáko ń wá ọmọ àgbọ̀nrín bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú pápá. Nígbà tí igbó di ìlà tóóró etí odò, gbogbo ìyá tó wà lágbègbè ló ń gbé ọmọ síbẹ̀, ajáko, ajá abúlé àti ọdẹ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò nílò láti pọ̀ sí i kí wọ́n tó pa púpọ̀ sí i.

Iná ló burú jù lójú tèmi. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀rùn, pápá ń jó. Àgbàlagbà ẹran á sá. Ọmọ tó wà lábẹ́ ewé á ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀: kò ní mira. Ọgbọ́n tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni kò jẹ́ kó dìde nígbà tí iná ń bọ̀. Bí a bá sì fi iná yí igbó ká láti lé ẹran jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kò síbi tó máa gbà kódà bó bá dìde. Lẹ́yìn iná, èyí tó bá yè wà lórí ilẹ̀ dúdú, bíi ti òròmọdìyẹ inú àgbàlá mímọ́ yẹn.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní Jámánì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gé koríko. Lóṣù karùn-ún àti ìkẹfà, nígbà tí àgbọ̀nrín òyìnbó kékeré tiwọn bá bímọ sínú koríko, ẹ̀rọ máa ń gé àwọn ọmọ tí kò mira náà pọ̀ mọ́ ọn. Ní báyìí, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn ọdẹ ibẹ̀ ń jí jáde ní ìdájí, wọ́n á fi drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, wo inú pápá pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń rí ooru ara, wọ́n á sì rọra gbé àwọn ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí oko fi dára fún ti Amẹ́ríkà?

Ìròyìn tí ẹnì kẹta wa kà kì í ṣe irọ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pọ̀ lórí irú àgbọ̀nrín òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní onírù-funfun, wọ́n sì rí i pé ọmọ rẹ̀ ń yè níbi tí oko pọ̀ sí ju inú igbó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè irú oko wo. Àgbàdo àti sóyà ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ọkọ́ ro àárín rẹ̀, ewé sì bo ilẹ̀ lásìkò tí ọmọ ń dàgbà. Ìyá ń jẹ àjẹyó. Béárì dúdú àti àwọn apẹran mìíràn pọ̀ nínú igbó ju inú oko lọ. Òfin sì ti ya oṣù tí wọ́n lè dẹ̀gbẹ́ sọ́tọ̀.

Oko tiwa ni ènìyàn ń wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ajá ń tẹ̀lé e, pakuté wà láàlà rẹ̀, iná sì ń gbá a lẹ́ẹ̀rùn. Lójú ọmọ àgbọ̀nrín, oko tiwọn ni ẹ̀yìn ilé tó ní ata àti àgbàdo, oko tiwa ni àgbàlá tí wọ́n gbá.

Ṣé ká pa ajáko, kí àgbọ̀nrín lè pọ̀?

Wọ́n ti dán an wò. Ní ibùdó Savannah River ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ẹranko kan tó jọ ajáko, tí wọ́n ń pè ní coyote, ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ àgbọ̀nrín òyìnbó tó ń kú. Wọ́n wá ń pa coyote fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún kìíní, ọmọ tó yè lọ sókè dáadáa. Lọ́dún kejì, ó já wálẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó tún gòkè.

Ẹ wo igi máńgòrò tó so ọgọ́rùn-ún èso. Ẹyẹ jẹ lára rẹ̀, ìjì já lára rẹ̀, kòkòrò ba òmíràn jẹ́. Bí ẹ bá lé ẹyẹ, kì í ṣe gbogbo èso tí ẹyẹ ìbá jẹ ló máa wọ agbọ̀n yín, nítorí àwọn kan nínú wọn wà lára èyí tí ìjì ì bá já. Ẹran kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ àgbọ̀nrín tí ẹ gbà lẹ́nu ajáko, tí kò sì ní igbó tó máa sápamọ́ sí, ẹ ti fi pa mọ́ fún iná ni, tàbí fún ajá.

Pakuté pàápàá kò mọ ajáko yàtọ̀ sí ìyá àgbọ̀nrín. Oògùn olóró tí àwọn kan ń fi sínú ẹran máa ń pa ajá àti igún kún un. Ajáko tí a bá sì pa ti ń bá wa jẹ eku àti òkété tó ń wú ẹ̀gẹ́ wa tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá bá ọmọ àgbọ̀nrín lóko ńkọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pe ajá yín, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ ro ibòmíràn lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá ti gbé e wálé, ẹ dá a padà sí ojú ibi tí wọ́n ti gbé e kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹ má sì dúró máa ṣọ́ ọ, nítorí ìyá kò ní wá bí ó bá ń gbọ́ òórùn yín. Ohun tí wọ́n ń sọ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, ìyá á kọ̀ ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti iná, bí a kò bá lè ṣe kí a má sun ún, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn ló sàn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, tí iná kò ní le bíi ti oṣù kejì àti ìkẹta. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹran láti gbà jáde. Ká má sì jẹ́ kó dé etí odò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti ro oko rẹ̀ tán báyìí. Ó fi igbó etí odò sílẹ̀, ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ láti bèbè omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ́ràá jù. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí òun bá sùn sí abà, òun máa ń gbọ́ nǹkan kan tó ń gbó bí ajá láti ìhà odò lóru. Ohùn rẹ̀ há, òun sì mọ̀ pé kì í ṣe ajá.